Yamaha 200 OX66 ń jẹ epo jù, plọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú: ṣé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló dọ̀tí?

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Yamaha 200 two-stroke ló wà nídìí bóòtì wa, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ́n kọ OX66 sí i lára. Kì í ṣe oníkábúrétọ̀, ìńjẹ́kítọ̀ ló ní. Tó bá wà ní sílò, tí mi ò fún un ní iná, èéfín rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń rùn bí epo tí kò jó tán. Tí mo bá fún un ní iná díẹ̀, láàárín 2000 sí 3500 rpm, á máa lọ sókè, á tún máa wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi ò sì kúrò lójú kan. Tó bá kọjá 4000, á lọ geere. Epo tó ń jẹ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúdú, ti sílíńdà kìíní ló tutù jù. Mẹkáníìkì kan ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló ti kú, pé ká ra òmíràn tàbí ká gé wáyà rẹ̀ dànù. Kí lẹ rí sí i kí n tó ná owó?

Ọ̀gá Èbúté:
Àbúrò, má gé wáyà kankan. Sẹ́ńsọ̀ yẹn lè ti dọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ló dọ̀tí sí i. Tó o bá ra tuntun láìwá nǹkan náà rí, tuntun ọ̀hún á dà bó ṣe dà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín lẹ́yìn tí epo bá ti jó, kó fi wé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ìta. Tí ọ́síjìn bá ṣẹ́ kù púpọ̀, a jẹ́ pé epo kéré, iná tí sẹ́ńsọ̀ máa fi ránṣẹ́ á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1 volt. Tí ọ́síjìn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú èéfín, epo ti pọ̀ nìyẹn, iná á gòkè sí nǹkan bíi 0.9 volt. Ohun tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ńjìnnì bá kà níbẹ̀ ló fi ń dín epo kù tàbí fi kún un. Tí sẹ́ńsọ̀ náà ò bá sì gbóná tó nǹkan bíi 300°C, kò lè ṣiṣẹ́ rárá.

Ibi tí OX66 ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rèé. Nínú two-stroke, afẹ́fẹ́ tuntun tí kò tíì jó máa ń bá èéfín sá jáde. Tí wọ́n bá fi sẹ́ńsọ̀ sínú páìpù èéfín bíi ti mọ́tò, afẹ́fẹ́ yẹn á máa tàn án jẹ. Nítorí náà ni Yamaha ṣe la ihò tóóró kan láti ara sílíńdà kìíní lọ sínú àpótí kékeré kan, inú àpótí yẹn ni ẹnu sẹ́ńsọ̀ wà. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ń tọ́ wò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ kan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohunkóhun tó bá ṣe sílíńdà kìíní, gbogbo ẹ̀ńjìnnì ni yóò jìyà rẹ̀.

Tí ọ́ìlì àti kábọ̀n bá dí ihò yẹn, èéfín tuntun ò ní dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ mọ́. Á tutù, iná rẹ̀ á wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà á rò pé epo kéré, á máa da epo sí i. Epo àdàjù á tún bí kábọ̀n, kábọ̀n á tún dí ihò náà sí i. Ohun tí ò ń rí nísàlẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fún ẹ̀ńjìnnì ní iná kíkún, kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ geere lókè.

Kó o tó tú nǹkan kan, dáhùn mi. Ọ́ìlì ńkọ́, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń pò ó ni àbí táńkì ọ́ìlì ara rẹ̀ lẹ ń lò? Tẹmósítáàtì, tó ń dí omi títí ẹ̀ńjìnnì á fi gbóná, ṣì wà níbẹ̀? Ẹ ti wọn kọ̀mpíréṣọ̀n sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?

Wáyàmán Òjó:
Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Èbúté tọ́. Kí n fi ti gígé wáyà kún un. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gé e, torí kọnẹ́tọ̀ ló ní, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Tí wọ́n bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà á padà sí ìṣirò tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìyẹn lè gbé èèyàn dé èbúté, ó sì wúlò fún àyẹ̀wò: tí ẹ bá yọ kọnẹ́tọ̀ náà tí ìwà ẹ̀ńjìnnì sunwọ̀n sí i, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ti ń pa fún kọ̀ǹpútà. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ wá ọ̀ràn náà síbòmíràn ná.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n nìyí. Mítà oní-nọ́ńbà ni kí ẹ lò, ẹ gbé e sí 2 volt DC. Ẹ má fi gílóòbù ìdánwò kàn án láéláé, iná tí gílóòbù máa fà ju agbára sẹ́ńsọ̀ lọ. Ẹ má yọ kọnẹ́tọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé títí á fi kan irin. Ẹ má gún ara wáyà, torí ibi tí ẹ bá gún ni omi iyọ̀ máa gbà wọlé, tí kọ́pà inú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ ka iye wáyà tó jáde lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, iná àmì nìkan ló ń gbé, ara ẹ̀ńjìnnì ni ilẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, méjì tí àwọ̀ wọn jọra ni ti ohun tó ń mú un gbóná. Lára èyí tí ilé iṣẹ́ NTK ṣe, funfun méjì ni ti ìgbóná, dúdú ni àmì, eléèérú ni ilẹ̀. Lára ti ilé iṣẹ́ Denso, dúdú méjì ni ti ìgbóná, aláwọ̀ aró ni àmì, funfun ni ilẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó gba àwọ̀ gbọ́. Ti ìgbóná yẹn, ẹ fi ohm wọn ọ́n nígbà tó tutù: ó sábà máa ń wà láàárín 3 sí 15 ohm. Tí mítà ò bá kà á rárá, ó ti jó nínú.

Orí omi ni kí ẹ ti wọn iná àmì rẹ̀. Tí ẹ bá tan ẹ̀ńjìnnì lórí ilẹ̀ pẹ̀lú páìpù omi nídìí rẹ̀, kò ní ẹrù tó ń fà, sẹ́ńsọ̀ ò sì ní gbóná tó. Kí ẹnì kan di ìdarí mú, kí ẹnì kejì máa wo mítà, kí àwọn méjèèjì wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ lò ó ní 2500 sí 3000 rpm títí tí yóò fi gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ wo:

Tí iná bá dúró sí bíi 0 sí 0.1 volt, tí èéfín sì pọ̀, tí plọ́ọ̀gì sì tutù, ihò ti dí, tàbí sẹ́ńsọ̀ ti kú, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì àpótí rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé.

Tó bá ń rìn sókè sódò, sẹ́ńsọ̀ wà láàyè. Ẹ má retí pé kó yára bíi ti mọ́tò o, ti two-stroke máa ń fà díẹ̀.

Tó bá dúró sí 0.8 tàbí 0.9 volt, ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà nìyí. Òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ lè máa sọ! Epo pọ̀ jù lóòótọ́, kọ̀ǹpútà sì ti dín in kù títí kò lè dín in mọ́. Nínú ọ̀ràn yìí, ìńjẹ́kítọ̀ tó ń jò, agbára epo tó ga jù nínú ọ̀nà epo, tàbí ẹ̀ńjìnnì tí kì í gbóná ni kí ẹ wá. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ò ní ṣe nǹkan kan fún yín.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìdáhùn mi rèé, ẹ̀gbọ́n. Inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń po ọ́ìlì, lítà kan sínú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Táńkì ọ́ìlì ara ẹ̀ńjìnnì náà kún, a ò yọ pọ́ńpù rẹ̀, ọkàn wa ni kò balẹ̀ sí i. Ọ́ìlì ọ̀kadà la ń rà, ti inú ìgò. Tẹmósítáàtì ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ló yọ ọ́ nígbà tó ń gbóná jù. Kọ̀mpíréṣọ̀n: gbogbo wọn sún mọ́ra, kò sí èyí tó fi ìdá mẹ́wàá dín sí ìyókù.

Ọ̀gá Èbúté:
Kọ̀mpíréṣọ̀n yẹn dùn mọ́ mi, ẹ̀ńjìnnì náà ṣì ní ẹ̀mí. Ìyókù ìdáhùn rẹ ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀.

Ọ́ìlì kọ́kọ́. Ìwọ̀n 50 sí 1 ni two-stroke yìí ń fẹ́ nígbà tí iná bá kún. Fún 25 lítà epo, 500 ml ọ́ìlì ni. Ìwọ ń da 1000 ml, ìyẹn 25 sí 1, pọ́ńpù sì tún ń fi tirẹ̀ sí i. Ní sílò ló burú jù, nítorí pọ́ńpù Yamaha máa ń dín ọ́ìlì kù gan-an tí iná bá kéré, ṣùgbọ́n ohun tó o pò sínú kẹ́ẹ̀gì kò lè dín ara rẹ̀ kù. Bí ọkọ̀ bá sì ń dúró pẹ́ ní èbúté ti ń dúró de èrò, tí ẹ̀ńjìnnì wà ní sílò, gbogbo ọ́ìlì yẹn ló ń lọ síbi ihò sẹ́ńsọ̀.

Ọ́ìlì ọ̀kadà náà kò dára fún un. Nígbà tó bá jó, ó máa ń fi eérú sílẹ̀. Ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, ti ẹ̀ńjìnnì ojú omi tí omi ń mú tutù nìyẹn, kì í ní eérú. Wo ìdérí ìgò dáadáa nígbà tó o bá ń rà á.

Bó o ṣe lè mọ̀ bóyá pọ́ńpù ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́: po epo kẹ́ẹ̀gì sí 50 sí 1 fún ìdánwò yìí nìkan, sàmì sí ibi tí ọ́ìlì dé lára táńkì ọ́ìlì tó wà lára ẹ̀ńjìnnì àti èyí tó wà nínú ọkọ̀, kó o wá lò ó. Tí ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀ bí epo ṣe ń lọ, pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́. Wo páìpù tóóró tó ń gbé e lọ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó má sí èyí tó já tàbí tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Wo ọ̀pá tó so pọ́ńpù mọ́ ọwọ́ iná, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti yẹ̀, ọ́ìlì á máa pọ̀ jù nígbà gbogbo. Tí gbogbo ẹ̀ bá dára, dá pípò dúró, kó o jẹ́ kí pọ́ńpù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tí kò bá dára, tún un ṣe, àbí kó o yọ ọ́ kúrò pátápátá kó o máa po 50 sí 1. Má pa méjèèjì pọ̀.

Tẹmósítáàtì: dá a padà. Mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ nítorí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ọ̀sà tó ń jẹ́ kó há, ṣùgbọ́n yíyọ ọ́ kọ́ ni ìwòsàn. Omi ọ̀sà Èkó kì í tutù, àmọ́ ó tutù ju ìwọ̀n tí ẹ̀ńjìnnì ń fẹ́ lọ. Láìsí tẹmósítáàtì, ẹ̀ńjìnnì kì í gbóná ní sílò, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná rẹ̀ á máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ó ṣì tutù, kọ̀ǹpútà á máa fi epo kún un bíi ti àárọ̀ kùtù. Tó bá ń gbóná jù, ìmpélà, rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ̀ńjìnnì, ni kó o pààrọ̀, kó o sì wẹ ọ̀nà omi. Àpá méjèèjì ẹ̀ńjìnnì V6 yìí ní tẹmósítáàtì tirẹ̀, má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Kó o tó dá wọn padà, fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó o rí i pé ó ń là kí omi tó hó. Tirẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í là ní nǹkan bíi 50°C.

Fítà Badagry:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tú sẹ́ńsọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ba ẹ̀ńjìnnì rere jẹ́.

Ẹ yọ wáyà bátìrì. Sílíńdà kìíní wà lókè pátápátá ní apá ọ̀tún, tí èèyàn bá kọjú sí iwájú ọkọ̀. Ẹ tọ wáyà láti ibi àpótí sẹ́ńsọ̀ wá sí kọnẹ́tọ̀, ẹ yọ kọnẹ́tọ̀ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kí wáyà má bàa lọ́. Ẹ da epo tó ń tú ìpẹtà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí ó bá ṣeé ṣe. Sókẹ́ẹ̀tì 22 mm tó ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wáyà ló sábà máa ń bá a mu. Tó bá le, ẹ má fi páìpù gígùn fà á. Alúmíníọ̀mù ni ara àpótí yẹn, ojú rẹ̀ á ya. Ẹ tún epo ìpẹtà yẹn dà, ẹ yí i síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀.

Tó bá ti jáde, ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Dúdú gbígbẹ bí ẹ̀gbin ìdí ìkòkò: epo pọ̀ jù. Dúdú tó tutù, tó ń yọ̀: ọ́ìlì ni. Funfun bí ẹfun: sílíkónì ni, ẹnì kan ti lo gọ́ọ̀mù sílíkónì níbi tí kò yẹ. Pupa bí ìpẹtà, pẹ̀lú hóró iyọ̀: omi ti wọ ibẹ̀, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ńjìnnì kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpótí fúnra rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ti dí pa. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ fi ọwọ́ yí fláíwíìlì títí písítìnì yóò fi bo ihò náà láti inú, kí kábọ̀n má bàa jábọ́ sínú sílíńdà. Wáyà kọ́pà ni kí ẹ fi la ihò náà. Ẹ má lo bíìtì dírílì tàbí ìṣó, torí tó bá gba ihò kọjá, ara písítìnì ló máa kọ́kọ́ kàn, ibi tó bá ha lára rẹ̀ á sì ha ògiri sílíńdà. Tí wáyà bá ti kan nǹkan tó le, ẹ dúró. Ẹ fa kábọ̀n náà jáde, ẹ má fẹ́ ẹ wọlé. Nígbà tí ihò bá ti mọ́, ẹ yí fláíwíìlì kí písítìnì kúrò lójú ihò, kí ẹ wá fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀ fẹ́ ẹ láti inú sílíńdà síta. Ẹ wẹ inú àpótí pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dá àpótí padà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkónì rọ́pò rẹ̀. Òórùn tó ń jáde lára sílíkónì bó ṣe ń gbẹ ló ń pa sẹ́ńsọ̀, tí ẹnu rẹ̀ á di funfun. Tí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ń jò díẹ̀ péré, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á ní epo kéré, gbogbo iṣẹ́ yín á sì di asán.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Èpè:
Ẹ kú àlàyé o. Ṣé dandan ni ká ra tuntun? Owó sẹ́ńsọ̀ ti Yamaha kò kéré, ìdáhùn tí mo sì máa ń gbọ́ ni pé kí n kó o sínú bẹntiróòlù di àárọ̀, á mọ́.

Fítà Badagry:
Ẹ kú àbójútó, Ìyá. Ẹ má kó o sínú bẹntiróòlù. Kábọ̀n tó ti jó mọ́ ọn kì í tú nínú bẹntiróòlù, epo á kàn wọ inú ìbòrí rẹ̀ ni. Iná ló ń jó kábọ̀n kúrò. Tó bá jẹ́ kábọ̀n gbígbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìta ìbòrí rẹ̀, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì gáàsì mú ẹnu rẹ̀ gbóná títí á fi pọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńdípépà, rárá, torí ohun tó wà nínú ìbòrí yẹn ṣẹlẹgẹ́. Tó bá já bọ́ sórí síméǹtì, ẹ má tún lò ó.

Wáyàmán Òjó:
Mo fara mọ́ tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n fún ìdánwò ni mo fi ń lò ó, kì í ṣe fún ìwòsàn. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sínú fáìsì, kí ẹ má fún un jù, jìnnà sí ọkọ̀ àti sí epo gbogbo. Ẹ so mítà mọ́ wáyà àmì àti ilẹ̀. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì bo ẹnu rẹ̀ títí á fi pọ́n. Ó gbọ́dọ̀ kọjá 0.6 volt nígbà tí iná bò ó. Ẹ gbé iná kúrò: kó já sí abẹ́ 0.2 volt láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tó bá ń fà, tó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí tí kò gòkè rárá, ẹ ra tuntun. Àwọ̀ funfun ti sílíkónì àti eérú ọ́ìlì kì í jó kúrò bíi kábọ̀n, ẹ má fi gáàsì ṣòfò lé wọn lórí. Kódà èyí tó bá yege ìdánwò, mo kà á sí ohun tí ó fún yín láyè láti fi owó pamọ́ fún tuntun.

Fítà Badagry:
Ibi tí èrò wa ti yàtọ̀ nìyẹn. Èyí tó yege, tí ó sì yára, mo máa ń dá a padà sínú ẹ̀ńjìnnì láìfòyà, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti wá ohun tó dọ̀tí sí i rí.

Ọmọ Mákòókó:
Ẹ jọ̀ọ́, Enduro 40 ni tèmi. Òun náà ń ṣèéfín ní sílò. Níbo ni sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ wà?

Ọ̀gá Èbúté:
Kò ní, àbúrò. Enduro 40 oníkábúrétọ̀ ni, kò ní kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ́síjìn. Bákan náà ni Yamaha 75 oníkábúrétọ̀ àti 200 tí kì í ṣe oníńjẹ́kítọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́ rẹ, má fún un. Wo ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ, wo bóyá sọ́ọ̀kì kò há ní pípadé, wo fílóòtì kábúrétọ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lára two-stroke Yamaha ńlá, OX66 àti HPDI (èyí tó ń fún epo tààrà sínú sílíńdà) ló ní sẹ́ńsọ̀ yìí.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
A ti wọn ọ́n lórí omi. Ó dúró sí 0.08 volt ní 2800 rpm, èéfín sì ń jáde. A tú u, ẹnu rẹ̀ dúdú, ó sì tutù. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ dí pátápátá. Tọ́ọ̀ṣì: 0.4 volt ló dé, ó sì pẹ́ kó tó wálẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ fún wa ní sẹ́ńsọ̀ mọ́tò, wáyà tó ní bá tiwa dọ́gba, ojú ìdè rẹ̀ náà sì bá a mu. Ṣé ká lò ó?

Wáyàmán Òjó:
Tìrẹ ti kú, 0.4 kò tó. Ní ti mọ́tò, ṣọ́ra. Wíwọ ojú ìdè nìkan kò tó. Àwọn sẹ́ńsọ̀ mọ́tò kan wà tó jẹ́ títéníà, kì í ṣe sìkóníà bíi tìrẹ. Títéníà kì í pèsè volt fúnra rẹ̀, ohm rẹ̀ ló ń yí padà, kọ̀ǹpútà Yamaha ò ní mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe gùn wọ inú àpótí náà ṣe pàtàkì: tó bá kúrú, kò ní gbóná. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kó o fi ra òmíràn.

Tó bá pọn dandan láti so wáyà, má fi òjé lẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ìta tí sẹ́ńsọ̀ fi ń ṣe ìwọ̀n lè máa gba àárín wáyà wọlé, òjé á dí i. Fi kọnẹ́tọ̀ fífún so ó, kó o fi rọ́bà tó ń súnkì tí iná bá rà á bò ó. Má sì da gírísì tàbí epo wẹ-kọnẹ́tọ̀ sínú kọnẹ́tọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, ìdí kan náà ni.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn: sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ pé epo kéré ń ba owó jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń parọ́ pé epo pọ̀ ń ba ẹ̀ńjìnnì jẹ́. Tí wáyà àmì bá bó, tí ó lọ kan wáyà tó ní iná, kọ̀ǹpútà á máa dín epo kù. Tó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń po ọ́ìlì, òun náà á dín kù pẹ̀lú, písítìnì á gbóná, á sì lu. Ẹ dè wáyà náà jìnnà sí ibi tó ń gbóná àti ibi tó ń gbọ̀n.

Fítà Badagry:
Tí tuntun bá dé, wo ojú ìdè rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ní òróró tó ń dènà ìpẹtà lára. Tí kò bá ní, fi díẹ̀ kan ojú ìdè nìkan, kó má kan ẹnu rẹ̀. Fi ọwọ́ yí i wọlé títí á fi jókòó kó o tó fi sípánà kàn án. Plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tuntun ni kó o fi sí i, irú tí ìwé ẹ̀ńjìnnì sọ. Plọ́ọ̀gì àtijọ́ tó ti mu ọ́ìlì, pàápàá ti sílíńdà kìíní, á máa ṣẹ́ iná. Nígbà tí epo ò bá jó, ọ́síjìn rẹ̀ ò ní tán, sẹ́ńsọ̀ tuntun á rí ọ́síjìn yẹn, á ní epo kéré, kọ̀ǹpútà á sì da epo sí gbogbo ẹ̀ńjìnnì. Ohun kan náà ni kọ́íìlì kìíní tó ń ṣàìsàn máa fà.

Ọ̀gá Èbúté:
Epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì báyìí, tí o ti po ọ́ìlì sí ní ìlọ́po méjì, má fi ṣe ìdánwò rẹ̀. Bu epo tuntun, kó gba fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ kọjá, oní-10 micron ni. Epo tí wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì máa ń mú kábọ̀n wá, ó sì ń jẹ́ kí písítìnì máa kan, ra epo níbi tó o fọkàn tán. Tó o bá rí Ring Free rà, fi bíi 20 ml sí 25 lítà epo, á máa tú kábọ̀n tó ti lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà àti ring písítìnì díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, yọ plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó o wò wọ́n. Àwọ̀ ilẹ̀ fífẹ́lẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní. Tí gbogbo wọn bá ṣì dúdú, wọn iná sẹ́ńsọ̀ lórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Tí ẹyọ kan ṣoṣo bá dúdú, sílíńdà yẹn ni kó o wò, ìńjẹ́kítọ̀ rẹ̀ àti kọ́íìlì rẹ̀. Tí ó bá funfun, tí àwọn hóró kéékèèké sì wà lára rẹ̀, pa ẹ̀ńjìnnì, má tún tàn án títí wọ́n á fi mọ ìdí tí epo fi kéré. Fún ọkọ̀ èrò tó ń dúró pẹ́ ní sílò, tú àpótí sẹ́ńsọ̀ wò ní gbogbo wákàtí 100, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́.

Awakọ̀ Ìkòròdú:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tẹmósítáàtì méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì, plọ́ọ̀gì mẹ́fà, sẹ́ńsọ̀, àti ọ́ìlì TC-W3. Pọ́ńpù ọ́ìlì ni a máa kọ́kọ́ dán wò.

Ọ̀gá Èbúté:
Fi ìmpélà kún un, torí tẹmósítáàtì ń padà bọ̀.